Àdìpọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Ṣí

Àárín èrò ni ojú wa ti pàdé.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ títẹ̀ wa ló dúró sí àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ náà: àwọn tó ń po àwọ̀, àwọn tó ń tẹ aṣọ, àwọn tó ń ká a. Wọ́n yí mi ká bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo mọ́tò méjì tó kọlu ara wọn. Ọ̀gá Kékeré, àbúrò ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, na ìka sí mi.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ẹ ń pè ní Òdòdó yìí, olè ni."

Mo gbé ojú sókè kí omi tó kún un má baà dà sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mo rí ọkùnrin náà. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ga, ó dúdú, ó wọ ẹ̀wù òjò bẹ́ẹ̀ òjò ò sí lójú ọ̀run. Gbogbo ojú tó kù lágbàlá ń wò mí bí olè. Tirẹ̀ nìkan ló ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá mo sùn dáadáa mọ́jú. Àyà mi já, lẹ́yìn náà ó balẹ̀, mi ò sì mọ èwo nínú méjèèjì ló dùn jù.

"Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rèé," ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi.

Bàbá jáde láti ọ́fíìsì. "Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Jẹ́-n-Wò-Ó?"

"Àwọn ará ọ́fíìsì wa ló sọ mí bẹ́ẹ̀, sà. Ó ti sú wọn. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè rò fún mi tí mi ò ní sọ pé kí n wò ó ná."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Kékeré ò rẹ́rìn-ín. Ó ti fa fóònù yọ, ó ti ń pe ìyá mi lójú gbogbo wa. Etí màmá mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ariwo fóònù wọn a sì máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayálégbé. Mo gbọ́ tí Ọ̀gá Kékeré wí pé, "Màmá, olè lẹ bí." Mo gbọ́ tí màmá mi ní, "Ẹ ṣeun, sà," tí wọ́n sì pa fóònù.

Màmá mi ránṣọ títí ojú wọn fi ń ṣe bàìbàì kí n tó lè kọ́ àwòrán yíyà. Ká ní iṣẹ́ nìkan ni mo fẹ́ pàdánù ni, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ní wákàtí yẹn, gbogbo ìyẹ̀wù tó wà lójúlé wa ti gbọ́ pé olè ni mí.

Nínú ọ́fíìsì, aṣọ tó dá wàhálà sílẹ̀ wà lórí tábìlì Bàbá. Òjò Àárọ̀ ni mo sọ ọ́. Ẹ̀kán òjò ló ń já bọ̀ látòkè, tí wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi di èèhù òdòdó nísàlẹ̀ aṣọ. Àwọn oníbàárà òkèèrè rí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ fi orúkọ ẹni tó yà á ránṣẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sí etí aṣọ.

"Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni mo yà á," ni mo wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ níbí nígbà yẹn."

Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Èmi yà á lọ́dún méje sẹ́yìn, kí ìwọ tó mọ ọ̀nà ibí. Ẹ̀rí tèmi wà nínú kọ̀ǹpútà. Tìrẹ dà?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní ìparí ọdọọdún, wọ́n máa ń di gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì kọ̀ǹpútà ńlá wa sínú fáìlì kan ṣoṣo, bí ẹni ya fọ́tò odidi ilé kan tòun ti gbogbo ẹrù inú rẹ̀, títí kan abẹ́rẹ́ tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àdìpọ̀ là ń pè é. Tó o bá ṣí àdìpọ̀ ọdún kan, wàá bá iṣẹ́ ọdún yẹn níbi tí wọ́n fi í sí gan-an. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni wọ́n yọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Látìgbà náà làwọn àdìpọ̀ àtijọ́ ti kọ̀ tí wọn ò ṣí. Tó o bá tẹ̀ wọ́n, kọ̀ǹpútà á ní òun ò mọ irú fáìlì yìí. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣí, ti ọdún méje sẹ́yìn. Òjò Àárọ̀ wà nínú rẹ̀, orúkọ Ọ̀gá Kékeré sì wà nísàlẹ̀ àwòrán náà.

"Inú àdìpọ̀ yẹn ló ti jí i," Ọ̀gá Kékeré sọ. "Nígbà tó rí i pé àṣírí fẹ́ tú, ó ba àwọn tó kù jẹ́. Orí ló yọ mí tí kò fi rí èyí bà jẹ́."

Bàbá fi ọwọ́ nu ojú. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kàn jẹ́ ẹni tó ti gba àbúrò wọn gbọ́ láti kékeré ni, ó sì ti mọ́ wọn lára.

Jẹ́-n-Wò-Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń ka lẹ́tà. "Ó rẹwà," ló wí. Mi ò mọ ẹni tó ń bá wí. Ó dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ ilé."

Yàrá kọ̀ǹpútà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n dúró síbẹ̀, pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́. Wáyà ló kọ́kọ́ pè, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa, tí a sọ ní Wáyà nítorí bó ṣe tín-ín-rín.

"Ìwọ lo fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà yìí?"

"Wọ́n ní kí n ṣe é ni, sà."

"Ṣé o dán àwọn àdìpọ̀ wò kí o tó ṣe é?"

Wáyà wo bàtà rẹ̀. Òógùn bò ó. "Mo rò pé wọ́n á ṣí, sà."

"O rò."

"Mo rò, sà."

"Ẹ ò rí i?" Ọ̀gá Kékeré já lu ọ̀rọ̀. "Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe é. Wọ́n jọ máa ń jẹun ọ̀sán."

"Ọ̀gá, ẹran inú oúnjẹ mi ló máa ń mú," Wáyà sọ. "Tí ìyẹn bá jẹ́ àjọṣe, a jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń jà lólè."

Mo rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Jẹ́-n-Wò-Ó náà rẹ́rìn-ín, ó wá fa Wáyà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó bi í ní ohun kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wáyà mi orí, ó tún mi orí, ó wá la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé ìkòkò sórí iná nílé.

Àǹtí Akọ̀wé ló kàn. Àwọn àti Ọ̀gá Kékeré nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà; ọwọ́ wọn ni Wáyà ti ń gbà á lójoojúmọ́.

"Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní òun rí iná níbí lọ́jọ́ Sunday," Jẹ́-n-Wò-Ó sọ.

"Èmi kọ́ o."

"Mi ò tíì ní ẹ̀yin ni, mà."

Àǹtí Akọ̀wé fi etí gèlè nu ọrùn. Ọ̀gá Kékeré fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín, èmi náà sì ti ń rò ó lọ́kàn pé àbí àwọn ni. Ọ̀rọ̀ wá bọ́ lẹ́nu wọn. "Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìwé ìpè ni mo wá tẹ̀. Pépà ilé-iṣẹ́ ni mo lò, Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Owó ìtẹ̀wé níta ti wọ́n jù."

Bàbá kàn mí kanlẹ̀ ni.

"Ẹ kú oríire, mà," Jẹ́-n-Wò-Ó sọ. "Ṣé ìwé náà dára?"

"Ó dára, àfi ti ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa ń kọ sísàlẹ̀ pépà. Ó lọ kọ ọjọ́ ọdún méje sẹ́yìn síbẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ yìí ti ń ṣarán. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé e kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

"Ọdún méje."

"Ọdún méje gédégédé. Ọmọ mi ṣì wà ní ilé-ìwé nígbà yẹn, ọkọ wo ló fẹ́ fẹ́?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì sápò ẹ̀wù òjò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí fèrèsé ní yàrá tó ti wà ní títì. Mo ti rí ọkùnrin tó rẹwà rí. Mi ò tíì rí èyí tí ìrònú ń mú rẹwà bí ti ọkùnrin yìí.

Ó kọjú sí Ọ̀gá Kékeré. "Sà, látìgbà tí wọ́n ti di àdìpọ̀ ọdún méje yẹn, ṣé ẹnì kan ti yí nǹkan padà nínú rẹ̀?"

"Rárá."

"Kò sẹ́ni tó tú u, tó tún un dì?"

"Mo ní rárá. Bí wọ́n ṣe dì í lọ́dún náà ló wà títí dòní. Ṣé ẹ fẹ́ kí n búra ni?"

"Ẹ má tíì búra, sà," ló fèsì, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

Ó wá bá mi nídìí tábìlì tí mo ti ń yàwòrán. Ó fa àga, ó jókòó, kò jìnnà sí mi, kò sì sún mọ́ mi jù.

"Arábìnrin, báwo lẹ ṣe ya Òjò Àárọ̀?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. Bóyá mo yà á ni gbogbo wọn ń bi mí. Mo sọ fún un pé òrùlé ilé wa ń jò nígbà yẹn, pé mo jí láàárọ̀ kan, mo bá omi tó ń kán sórí aṣọ funfun tí màmá mi tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, àmì rẹ̀ sì ń tàn bí ìgbà tí òdòdó ń ṣí. "Ní àkọ́kọ́ mo yà á lódì. Mo fi èèhù sókè, mo fi ẹ̀kán òjò sísàlẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń rọ̀jò sójú ọ̀run. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo wá dojú rẹ̀ kọ ibi tó yẹ."

"Èyí tẹ́ ẹ yà lódì ńkọ́?"

"Ó yẹ kó wà nínú àdìpọ̀ ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ti bà jẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà ò ní ó bà jẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n ni. Tí ẹ bá gba ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun, tí àbúrò bàbá yín dé, tí ọmọ ọ̀dọ̀ ní òun ò mọ̀ wọ́n, ṣé àbúrò bàbá yín ti kú nìyẹn?"

"Rárá."

"Ẹ kàn máa wá ọmọ ọ̀dọ̀ àtijọ́ lọ ni." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà kan wà nílé-iṣẹ́ yìí tí wọn ò gbà kí Wáyà fọwọ́ kàn?"

Ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu. "Ti Bàbá Rólà."

Yàrá tí wọ́n ti ń gbẹ́ àwòrán sára rólà ìtẹ̀wé wà lẹ́yìn ilé. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ìgbẹ́rólà ti dàgbà, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Bí wọ́n bá fi ètò tuntun sí i, ẹ̀rọ náà ò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí Bàbá Rólà fi ń lé ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn. Nígbà tí gbogbo wa dé ẹnu ọ̀nà, títí kan Bàbá tó ni ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá Rólà sọ.

"Bàtà."

A bọ́ bàtà. Ọ̀gá Kékeré ló bọ́ tirẹ̀ gbẹ̀yìn.

Wáyà so díìsìkì tí àwọn àdìpọ̀ wà lórí rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà arúgbó náà. Ó kùn, ó sinmi, ó tún kùn. Jẹ́-n-Wò-Ó ní kí ó tẹ àdìpọ̀ ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo di ọwọ́ Àǹtí Akọ̀wé mú, àwọn náà di tèmi mú. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nìkan ni màmá mi, pé bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá wọ́n jókòó sínú òkùnkùn.

Àdìpọ̀ náà ṣí.

Ó ṣí bí ilẹ̀kùn ilé èèyàn. Gbogbo iṣẹ́ ọdún náà tò síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Wáyà wá inú àpò tó ń jẹ́ orúkọ mi, ó tẹ fáìlì kan, èèhù sì yọ lókè, ẹ̀kán òjò nísàlẹ̀, ilẹ̀ ń rọ̀jò sójú ọ̀run. Ó tẹ òmíràn, mo ti dojú rẹ̀ kọ ibi tó yẹ. Ó tẹ òmíràn, àwọ̀ ti wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ náà ń dàgbà lójú wọn bí ọmọ.

Bàbá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Èyí tó yà lódì yìí, mo rántí. Èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín."

"Ìyẹn ò sọ pé kò wò ó lára tèmi," Ọ̀gá Kékeré sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti gbẹ. "Tèmi ti ọdún méje ló ṣáájú."

"Òótọ́ ni," Jẹ́-n-Wò-Ó sọ. "Wáyà, bá wa tẹ ti ọdún méje."

Wáyà tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà arúgbó náà rò ó títí. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sójú gbangba pé òun ò mọ irú fáìlì yìí.

Wáyà yíjú wo Jẹ́-n-Wò-Ó.

"Tẹ ti ọdún mẹ́fà."

Ó ṣí.

"Ti ọdún mẹ́jọ."

Ó ṣí.

"Tún padà sí ti ọdún méje."

Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Jẹ́-n-Wò-Ó kọjú sí wa. Kò gbé ohùn sókè, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan tó bọ́ sọnù. "Látàárọ̀ ni gbogbo yín ti ń bi ara yín pé kí ló ba àwọn àdìpọ̀ tó kù jẹ́. Èmi ń bi ara mi pé kí ló ṣe èyí tó fi ṣí. Ètò tuntun kọ àwọn àdìpọ̀ tó dàgbà ju èyí lọ, ó kọ àwọn tó kéré sí i, ó wá gba èyí nìkan. Mo bi Wáyà bóyá ọ̀nà tí ètò tuntun ń gbà di àdìpọ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́."

"Ó yàtọ̀, sà," Wáyà sọ. "Irú tuntun yìí, kò tíì sí láyé lọ́dún méje sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà Bàbá Rólà ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi tètè sọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n á ní èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́."

"Ẹni tó bá ṣe àdìpọ̀ yìí, lẹ́yìn tí ètò tuntun dé ló ṣe é," Jẹ́-n-Wò-Ó sọ. "Ó sọ ọ́ ní orúkọ ti àtijọ́, ó pa ti àtijọ́ rẹ́, ó sì yí aago kọ̀ǹpútà padà sẹ́yìn kí ọjọ́ ara fáìlì lè bá irọ́ rẹ̀ mu. Nígbà tó ṣe tán, kò rántí dá aago náà padà kíá. Ìyá ìyàwó wá wọlé, ó tẹ ìwé ìpè."

Àǹtí Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹnì kan lè ti tún un dì láìjẹ́ pé mo mọ̀," Ọ̀gá Kékeré sọ.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kò sẹ́ni, sà. Ẹ fẹ́ẹ̀ búra sí i. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí aago yẹn dà láàmú, tó fi sísọ́ọ̀sì gé pépà títí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

Ọ̀gá Kékeré jókòó sórí rólà kan tí wọn ò tíì gbẹ́. Láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, ó dà bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Mo ti wà níbí látìgbà tí a ti dá a sílẹ̀," ló wí. "Orúkọ mi ò sí létí aṣọ kan rí."

Bàbá yàgò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó tẹ̀ lé Jẹ́-n-Wò-Ó wá, tí wọ́n ti ń dúró níta, wọlé, Bàbá Rólà sì ní kí àwọn náà bọ́ bàtà.

Nígbà tí wọ́n mú un lọ, Bàbá yíjú sí Jẹ́-n-Wò-Ó. "Kí ló kù tí mo lè ṣe?"

"Iṣẹ́ tèmi parí síbí, sà. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ ni ín." Ó wò mí fìrí. "Fóònù tó dún láàárọ̀, ibì kan ló balẹ̀ sí."

Bàbá kọrí sí ọ́fíìsì láti lọ kọ lẹ́tà sí màmá mi. Àǹtí Akọ̀wé ní kí àwọn bá wọn tẹ̀ ẹ́, Bàbá ní rárá, pé àwọn á fi ọwọ́ ara àwọn kọ ọ́, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn sì pọ́n.

Mọ́tò Bàbá la wọ̀ dé ilé wa. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bá wa lọ, ó ní òun fẹ́ rí i pé mo délé. Nígbà tí a ń gun àtẹ̀gùn, ọwọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀ kan apá mi, kò sì tètè gbé e kúrò.

Màmá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọn ò tan iná. Aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọn ò rán an. Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí lé itan wọn. Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, wọn ò bi mí ní ohunkóhun.

"Màmá," Bàbá sọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tọwọ́tọwọ́ ni wọ́n fi na lẹ́tà náà. "A ṣẹ ọmọ yín. Òun ló ya aṣọ náà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé yìí."

Màmá mi wo lẹ́tà náà, wọn ò gbà á.

"Ẹ kà á."

"Màmá?"

"Ẹ kà á sókè, sà. Ẹnu lẹ fi bà á jẹ́. Ẹ fi ẹnu tún un ṣe."

Ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé ti ń ṣí ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan pa rédíò. Bàbá tú lẹ́tà náà, wọ́n gbé e sún mọ́ iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ka gbólóhùn àkọ́kọ́.

"Ẹ gbé ohùn sókè," màmá mi sọ. "Etí mi ò gbọ́ràn dáadáa."

Bàbá gbé ohùn sókè. Wọ́n kà á tán pátá, pé ọmọ yìí kì í ṣe olè, pé òun ló ya Òjò Àárọ̀, pé orúkọ rẹ̀ ló máa wà létí aṣọ náà níbikíbi tí wọ́n bá ti tà á, pé àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Títí dé àjà kẹta ni ohùn wọn dé. Nígbà tí wọ́n parí, mo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rí i tí Jẹ́-n-Wò-Ó yọ fìlà.

Màmá mi nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró wọn, wọ́n dìde, wọ́n sì gba lẹ́tà náà.